Imú Bàbá Firmin àti Wáìnì Amẹ́ríkà

Ní Montgrelet, abúlé wa ní ilẹ̀ Faransé, ẹnikẹ́ni kì í gbé ìgò wáìnì wọ ilé ẹlòmíràn ní ìhòòhò. Ìbọ̀sẹ̀ la máa ń wọ̀ fún un. A ó fa ìbọ̀sẹ̀ gígùn bo ìgò náà láti ìdí dé ọrùn kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohun tí wọ́n kọ sí i lára, a ó wá bu ú fún gbogbo àwọn tó wà nídìí tábìlì. Wọn ó gbóòórùn rẹ̀, wọn ó mu ún, oníkálukú yóò sì sọ ibi tó rò pé ọtí náà ti wá àti iye tí òun lè rà á. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, a ó yìn ín. Ẹni tó bá ṣì í, a ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún yóò fi yí po. Èmi tí mo bá ọkọ mi wá síbí nígbà tó rí iṣẹ́ búrẹ́dì, tí mo sì ti ń bá wọn ká àjàrà láti ìgbà náà, mo ti ṣì í débi pé wọn kì í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ohun tí èmi máa ń sọ ò ju pé kí wọ́n ṣáà ti fọ ìbọ̀sẹ̀ náà kí wọ́n tó gbé e wá, nítorí mo mọ ìbọ̀sẹ̀ Léonce, ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ àjàrà wa.

Bàbá Firmin Perrodin ni ọ̀gá eré yìí. Ọgbà àjàrà rẹ̀ wà lórí òkè, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ kìkì òkúta. Èèyàn kúkurú ni, ọwọ́ rẹ̀ gbòòrò, ọ̀rọ̀ kò sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní imú. Ó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá abẹ́ ilẹ̀ tó kó àwọn àgbá ọtí rẹ̀ sí, kí ó ní, "Ẹ lọ wo èyí tó wà lápá òsì yẹn, ó ti fẹ́ máa kan," ká dé ibẹ̀, ká rí i pé òótọ́ ni. Àwọn tó ń ta ọtí nílùú ńlá a máa wá bẹ̀ ẹ́ kí ó bá àwọn gbóòórùn ohun tí àwọn fẹ́ rà, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn ju ẹ ṣé lọ. Mo ti rí àwọn tó ń fi imú tí kò tó ìdajì tirẹ̀ yan fanda káàkiri, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wáìnì bí ẹni pé àwọn ló bí i. Bàbá Firmin kò yan fanda fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà òtútù ọdún kejì sẹ́yìn, ibà kan dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, Honorine ìyàwó rẹ̀ po kọfí fún un. Ó mu ún, ó béèrè ìdí tí wọ́n fi fún òun lómi gbígbóná. Honorine rò pé àwàdà ni, ó gbé ife náà sí i nímú, ó ní, "Ẹ gbóòórùn ẹ̀." Bàbá Firmin fa imú títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Dókítà sọ fún wọn pé ó lè padà bọ̀ sípò, ó sì lè má padà. Kò tíì padà.

Èmi nìkan ni Honorine sọ ọ́ fún, nínú ilé ìdáná rẹ̀, ó ní bí mo bá sọ ọ́ síta, òun yóò gbé mi sọ sínú àgbá. Láti ìgbà náà, imú Honorine ni wọ́n jọ ń lò. Bí wọ́n bá wà nídìí àgbá, òun ló ń gbóòórùn, tó ń sọ ohun tó gbọ́. Bí wọ́n bá wà lójú àwùjọ, tí wọ́n bu wáìnì inú ìbọ̀sẹ̀ fún wọn, Honorine a kọ́kọ́ tọ́ tirẹ̀ wò, a sì fi bàtà tẹ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì: ẹ̀ẹ̀kan bó bá dára, ẹ̀ẹ̀mejì bí kò bá dára. Bàbá Firmin a wá fi ahọ́n àti ọgbọ́n àgbà parí ìyókù. Nítorí pé kò lọ́rọ̀ lẹ́nu tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fura.

Ohun tó wá dun Bàbá Firmin jù kì í ṣe ti ará abúlé. Ọ̀rọ̀ Solène ni.

Solène ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Gbogbo wa rò pé òun ni yóò gba ọgbà náà. Ó lọ sí Ọ́régọ̀n ní Amẹ́ríkà pé òun fẹ́ lọ bá wọn kórè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí òun rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún. Ó pàdé ọkùnrin kan níbẹ̀, ó pàdé òkè kan pẹ̀lú, kò sì padà wálé mọ́. Irú àjàrà tí bàbá rẹ̀ ń gbìn gan-an ló lọ gbìn sórí òkè náà. Nígbà tó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù láti sọ fún un pé òun ti ṣe wáìnì òun àkọ́kọ́, ohun tí bàbá rẹ̀ sọ ni pé, "Wáìnì Amẹ́ríkà? Ṣé ṣúgà tí wọ́n ń fi pákó sè yẹn?" Ohun tí wọ́n máa ń sọ níbí ni pé wáìnì ọ̀hún dùn jù, òórùn pákó àgbá sì máa ń bò ó. Solène rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ló pe ìyá rẹ̀, ó sì sunkún.

Síbẹ̀, ó ń fi ìgò díẹ̀ ránṣẹ́ lọ́dọọdún. Bàbá Firmin a ní kí wọ́n kó o sábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí wọ́n ń kó pọ̀tétò sí, ibẹ̀ ló sì máa ń wà. Ìgbéraga ni, ẹ má jẹ́ ká fún un ní orúkọ mìíràn. Honorine sọ̀rọ̀ títí. Ó ní, "Bàbá Solène, ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Ẹ ń bá àlejò gbóòórùn ọtí, ti ọmọ yín wà lábẹ́ àtẹ̀gùn." Àwọn ìgò náà ò kúrò lábẹ́ àtẹ̀gùn. Honorine ò lè fi ìyà yẹn jẹ ọmọ rẹ̀, ló bá ń purọ́ fún un lórí fóònù pé bàbá rẹ̀ ti mu ún, pé ó ní ó dáa.

Lẹ́yìn ibà yẹn, Honorine bá ọkọ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ kan, ó gbé ọ̀kan nínú àwọn ìgò Solène sórí itan, ohun tí wọ́n fi ń ṣí ìgò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ṣí i. Ó ní, "Ọdọọdún ni mò ń sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Ní báyìí, bí omi ni yóò rí lẹ́nu mi. Mi ò fẹ́ kí wáìnì ọmọ mi rí bí omi lẹ́nu mi ní ìgbà àkọ́kọ́ tí màá mu ún." Nígbà tí Honorine sọ èyí fún mi, àwa méjèèjì sunkún. Mo ní kí ó sọ òótọ́ fún Solène nígbà náà. Ó ní ọkọ òun kọ̀ jálẹ̀, ó ní bí ọmọ náà bá gbọ́, yóò kó ẹrù rẹ̀ wálé lọ́jọ́ kejì.

Ọdún yìí ni Solène wá, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde. Ọkọ rẹ̀ dúró ti ọgbà wọn lọ́hùn-ún. Mo gbé búrẹ́dì wá fún wọn ní àárọ̀ ọjọ́ Jimọ́ọ̀, mo ń bá Honorine sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ó ní kí Solène bá òun mú pọ̀tétò wá nísàlẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gòkè wá, nígbà tó sì dé, kò mú pọ̀tétò kankan dání. Eruku wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ ní Bàbá mu ún," ó ní. "Ẹ ní ó ní ó dáa."

Honorine kọjú sí sítóòfù. Bàbá Firmin wà nídìí tábìlì, ó ń gé búrẹ́dì, kò gbójú sókè.

"Bàbá, mi ò bá yín jà o," Solène ní. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Lọ́jọ́ Àìkú, màá wọ ìbọ̀sẹ̀ fún tèmi bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ mu ún, kí ẹ sọ ohun tí ẹ bá níbẹ̀ lójú mi. Bó bá burú, ẹ ní ó burú, màá gbà á. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún gbé e tì, mi ò ní fi ránṣẹ́ mọ́, mi ò sì ní bá yín sọ̀rọ̀ wáìnì mọ́ títí ayé."

Ẹni tí kò bá gbé láàárín àwọn èèyàn wọ̀nyí lè rò pé ìyẹn ò tó nǹkan. Bàbá àti ọmọ tí kò bá sọ̀rọ̀ wáìnì mọ́ ní Montgrelet, kí ló kù tí wọ́n fẹ́ sọ? Òjò fún wáìnì ni, oòrùn fún wáìnì ni, àìsàn àti ìgbéyàwó, ẹ̀gbẹ́ wáìnì la ti ń gbọ́ ọ. Bàbá Firmin gé búrẹ́dì náà tán, ó gé èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní kó gé.

Lọ́jọ́ Àìkú, àwa márùn-ún la jókòó: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi, àti Léonce tí ọgbà rẹ̀ bá ti Bàbá Firmin pààlà. Léonce ló ni ewúrẹ́ tí a ń jẹ wàràkàṣì wọn, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Honorine ti se sọ́séèjì nínú èérún àjàrà tó kù lẹ́yìn tí a bá fún ọtí rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń sè é, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé kan, mo sì ń wo Bàbá Firmin tí kò gbọ́ ọ. Solène gbé ìgò méjì kalẹ̀, ọ̀kan nínú ìbọ̀sẹ̀ dúdú, ìkejì nínú èyí tó rí bí eérú. Tirẹ̀ ni ọ̀kan, ti bàbá rẹ̀ ni ìkejì, àjàrà kan náà, ìkórè ọdún kan náà.

Léonce ló kọ́kọ́ mu. Ó tọ́ ti dúdú wò, ó ní, "Èyí, ọmọ ilé ni." Ó wá gbé ti eérú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ìbọ̀sẹ̀ náà. "Èyí ti wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ó sanra. Ó rí oòrùn dáadáa. Àlejò tó ń wọlé kó tó kanlẹ̀kùn ni."

"Ó dáa tàbí kò dáa?" Solène bi í.

"Ta ló ní kò dáa? Mo ní kò kanlẹ̀kùn ni."

"Èló lẹ máa rà á, Ẹ̀gbọ́n Léonce?"

"Yúrò mẹ́jọ. Nítorí pé ọmọ wa ló ṣe é."

"Ogójì dọ́là ni wọ́n ń rà á lọ́hùn-ún."

Léonce rọra gbé gíláàsì náà kalẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà pé ó lè fọ́ ọ. "Ogójì. Mẹ́sàn-án ni bàbá rẹ ń ta tirẹ̀. Màá ra ti bàbá rẹ mẹ́rin, màá mu ún tán, màá sì fi ṣẹ́ńjì bẹ ẹni tó máa gbé mi délé."

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ra ilẹ̀ tí àjàrà yín wà?"

"Bàbá tó bí bàbá mi ni."

"Báǹkì ló ni tèmi. Ìlà kọ̀ọ̀kan ni mò ń san gbèsè ẹ̀. Owó tí mò ń san fún àwọn tó ń bá mi kórè ju ti ibí lọ. Ẹnikẹ́ni ò sì mọ orúkọ òkè wa, a ní láti máa pariwo ẹ̀ káàkiri. Ẹ̀yin, orúkọ abúlé yín nìkan ti tà á kẹ́ ẹ tó jí. Ẹ sọ òótọ́ o, lọ́dún tí òjò bá bà yín lọ́gbà jẹ́, báwo lẹ ṣe máa ń pe wáìnì ọdún náà?"

Léonce họ ọrùn. "A máa ń ní ó ní ìwà."

Honorine rẹ́rìn-ín débi tó fi gbá orí tábìlì.

"Ìwà," Solène ní. "Ó kan, ó ń ta ni lọ́fun, ẹ ní ó ní ìwà. Ẹni tó bá ra tèmi lọ́dún yìí ti mọ ohun tó máa bá níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀."

"Ọmọ yìí, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà."

"Àkísà lẹ wá fẹ́ fún mi mu?"

Bí wọ́n bá bi mí, ti Bàbá Firmin ni màá rà fún oúnjẹ ojoojúmọ́, nítorí ó fúyẹ́, kì í bá oúnjẹ du ẹnu, kò sì ní ba àpò mi jẹ́. Ti Solène wúwo díẹ̀, ó sì pẹ́ lẹ́nu kó tó lọ. Òun ni màá rà lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ jókòó kí n má ṣe nǹkan kan. Ṣé ó wá tó ìlọ́po mẹ́rin? Bóyá lọ́jọ́ tí inú mi bá dùn gan-an. Ṣùgbọ́n wọn ò bi mí.

Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń ṣàríyànjiyàn yìí, Bàbá Firmin ò fọwọ́ kan gíláàsì kejì. Nígbà tó yá, Léonce pàápàá rí i, ó sì pa ẹnu mọ́. Solène ti kó ọwọ́ méjèèjì sórí itan. Kò wo bàbá rẹ̀, gíláàsì náà ló ń wò.

Bàbá Firmin gbé e. Ó yí i nínú gíláàsì, ó sì ti imú bọ̀ ọ́ bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré, imú náà sì pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ Honorine ni mo jókòó sí, mo rí i tí orúnkún rẹ̀ mì. Ó ti tẹ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ohun tó kù ni kí bàbá náà ní ó dáa, inú ọmọ yóò dùn, a ó sì máa jẹun lọ. Bàbá Firmin mu ún, ó dá a dúró lẹ́nu, ó gbé e mì.

"Honorine," ó ní, "fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀."

Solène gbójú sókè.

"Mi ò gbóòórùn mọ́," bàbá rẹ̀ ní. "Láti ìgbà tí ibà yẹn ti ṣe mí. Kọfí o, ìgbẹ́ ewúrẹ́ Léonce o, wáìnì o, n kì í gbọ́ ọ̀kankan. Ìyá rẹ ló ń gbóòórùn fún mi."

Léonce ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àfi bí òun náà. "Bàbá Firmin, wáìnì mi tẹ́ ẹ ní ó dáa nígbà Kérésì ńkọ́?"

"Honorine ló ní ó dáa."

Léonce yíjú sí Honorine, ó tẹ orí ba díẹ̀. "Ẹ ṣeun, Ìyá Solène."

Solène ò rẹ́rìn-ín. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Wà á kó ẹrù ẹ wálé. Mo mọ̀ ẹ́. Wà á fi gbogbo ohun tó o gbìn sílẹ̀ kó o lè wá máa ṣe imú fún mi, mi ò sì bí ẹ torí ìyẹn."

"Àwọn ìgò yẹn ńkọ́?"

"Ti àkọ́kọ́, ìgbéraga ni." Ó sọ ọ́ tààrà, ojú rẹ̀ wà lára ọmọ rẹ̀. "Mo ní o lọ tọ́jú ilẹ̀ onílẹ̀, o pa tiwa tì. Ti ọdún méjì yìí, ẹ̀rù ló bà mí. Mi ò fẹ́ mu ẹ́ bí omi."

Omi bọ́ lójú Solène. Bàbá rẹ̀ jẹ́ kó bọ́ tán.

"Ahọ́n mi ṣì wà," ó ní. "Ó kan díẹ̀, bó ṣe yẹ kó kan. Ó gbóná ju tèmi lọ, oòrùn yín pọ̀. Ó di eyín mú, kò bù ú jẹ. O ò sì fi pákó bò ó mọ́lẹ̀, èmi tí mo ti ń bú ẹ nítorí pákó, mi ò tíì mu ún rí. Ibi tí ahọ́n mi mọ nìyẹn. Ìwọ lo máa sọ èyí tó kù fún mi. Kí ni òórùn ẹ̀?"

Solène nu ojú, ó gbóòórùn gíláàsì tirẹ̀. "Èso pupa. Òdòdó. Ata díẹ̀ lẹ́yìn."

Bàbá Firmin mi orí. "Ìyẹn lẹ máa ń sọ fún àwọn tó ń rà á. Èmi ni kó o sọ fún."

Solène dìde, ó gbé àga rẹ̀ kọjá ẹ̀yìn Léonce, ó wá jókòó ti bàbá rẹ̀. Gíláàsì bàbá rẹ̀ ló tẹ̀ sí lọ́tẹ̀ yìí, ó di ojú.

"Èso ṣẹ́rì tí Màmá ń sè fún jáàmù," ó ní, "nígbà tí ìdí ìkòkò bá fẹ́ jó, tí wọ́n sì ń sáré bọ̀." Ó tún gbóòórùn. "Ẹ̀wù òjò yín. Tẹ́ ẹ bá gé ẹ̀ka àjàrà bọ̀, tẹ́ ẹ wá gbé e kọ́ ẹ̀yìn sítóòfù, tó ń gbẹ." Ó la ojú. "Àti òkè wa nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá bọ́ sórí òkúta gbígbóná."

"Ti ibí?"

"Ti ibí. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi lọ wo ilẹ̀ tèmi lọ́hùn-ún, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Òórùn yẹn ni mo gbọ́. Òun ni mo tìtorí ẹ̀ rà á, Bàbá."

Bàbá Firmin ò ní ó dára, kò sì ní kò dára. Ó gbé gíláàsì náà sẹ́nu, ó mu díẹ̀, ó sì na etí sí ọmọ rẹ̀. Léonce ti fẹ́ mú ọ̀rọ̀ ogójì dọ́là padà wá, Honorine wò ó, ni Léonce bá gbé wàràkàṣì jẹ. Sọ́séèjì ti tutù nínú àwo, ẹnikẹ́ni ò sì gbé e padà sórí iná.

"Ó ti yí báyìí," Bàbá Firmin ní nígbà tó ṣe díẹ̀. "Wáìnì máa ń yí tó bá ti gba afẹ́fẹ́. Tún gbóòórùn ẹ̀. Kí lo gbọ́?"

Solène tún tẹ̀ sí gíláàsì náà, irun rẹ̀ kan àgbọ̀n bàbá rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní wàràwàrà bí ẹni tó ní ohun púpọ̀ láti sọ. Bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ gbòòrò yẹn lé e lọ́wọ́.

"Má yára," ó ní. "Mò ń mu ún."